Bẹ́líìtì oníná, pátákó tó ń gbọ̀n, pẹ́dà oníná: ṣé wọ́n ń dín ara kù lóòótọ́?

Aránṣọ ni mí, tépù kì í sì í kúrò lọ́rùn mi láti àárọ̀ di alẹ́. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé ikùn mi ò yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi de bẹ́líìtì oníná mọ́ ọn, kì í ṣe pé mo wo dígí, mo wá méfò. Mo wọ̀n ọ́n ni. Ojú ìdodo gan-an ni mo máa ń gba tépù kọjá, ní àárọ̀ kùtù kí n tó fi nǹkan kan kan ẹnu, lẹ́yìn tí mo bá ti mí síta, láì fa tépù le. Bí mo ṣe ń wọn oníbàárà tó fẹ́ kí aṣọ bá òun mu gẹ́lẹ́ ni mo ṣe wọn ara mi fún oṣù mẹ́sàn-án.

Kílò 91.2 ni mo wọ̀n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Orúnkún òsì mi ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní egungun ò sán, iṣan ò já, ẹrù tí orúnkún náà ń gbé ló pọ̀ jù. Ó ní kí n dín ìwọ̀n ara mi kù, kí n sì máa rìn. Rírìn yẹn gan-an ló ṣòro. Orí ìjókòó ni iṣẹ́ mi wà. Bí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà míì aago mẹ́ta ọ̀sán ni màá tó dìde tí màá na ẹ̀yìn. Ìgbà tí mo wá rí ìpolówó ẹ̀rọ tó ní kéèyàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, pé ẹ̀rọ á bá a ṣe eré ìdárayá, ọkàn mi fà sí i. N ò rò pé àbùkù wà nínú ìyẹn. Ẹni tó ti rẹ̀, tí orúnkún ń dùn, tí iṣẹ́ ò jẹ́ kó gbérí, irú ìlérí bẹ́ẹ̀ á wọ̀ ọ́ létí. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí, kó lè mọ ohun tó fẹ́ rà kó tó sanwó.

Mẹ́ta ni mo lò, tí mo bá ti lo ọ̀kan tán ni mo ń bọ́ sí èkejì: bẹ́líìtì oníná tí à ń dè mọ́ ikùn, pátákó tó ń gbọ̀n tí à ń dúró lé, àti pẹ́dà oníná tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé lórí ìjókòó, tí ẹ́ńjìnnì á máa yí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. N ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe tèmi, torí ohun tí mo fẹ́ sọ ò mọ sórí ilé iṣẹ́ kan.

Bẹ́líìtì oníná ló kọ́kọ́ dé. Ó dúdú, ó rọ̀, ojú mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ tí à ń fi jẹ́lì pa kí á tó dè é mọ́ra. Ẹ̀rọ kékeré kan bíi rìmóòtù ló ń darí rẹ̀, láti ìpele 1 dé 10. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti 2, ó sì dà bíi pé èèrà ń rìn lára mi. Ìgbà tí mo gbé e dé 5, iṣan ikùn mi sún kì, ó tú, ó tún sún kì, ó tún tú, láìjẹ́ pé èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó le bíi pákó lóòótọ́. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, inú mi sì dùn. Mo ní nǹkan tó ń mú iṣan le tó báyìí, ọ̀rá wo ló máa dúró dè é?

Pé iná ń mú iṣan sún kì, òótọ́ ni. Ó ti lé ní igba ọdún tí Luigi Galvani, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, ti rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú á ta kìjí bí iná bá kàn án. Títí dòní, àwọn oníṣẹ́ físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ń lò ó fún ẹni tí iṣan rẹ̀ joro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń polówó ti yí òótọ́ po ni ibi tí wọ́n ti so iṣan pọ̀ mọ́ ọ̀rá. Abẹ́ ọ̀rá ni iṣan ikùn wà. Kò sí bí iṣan yẹn ṣe lè sún kì tó tí ọ̀rá tó wà lórí rẹ̀ á fi yọ́ bíi òrí tí oòrùn pa. Bí ara bá ń wá agbára, ibi gbogbo tí ọ̀rá wà ló ti ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀, kì í lọ mú tibi tí iṣan ti ń ṣiṣẹ́ nìkan. Ibi tó sì máa kọ́kọ́ dínkù lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ àjogúnbá àti bí ara rẹ̀ ṣe rí ló wà. Mo ti ń rí èyí lára àwọn oníbàárà mi tipẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹlòmíì á ti máa fọ́n, ojú àti apá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ hàn. Màá ti gba apá aṣọ rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì kí ìbàdí tó gbà kí n fi abẹ́rẹ́ kan òun náà.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ikùn mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 104. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, 104. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo rí 103, mo sì fò sókè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti padà sí 104, ibẹ̀ náà ló sì wà títí mo fi tú bẹ́líìtì náà dànù. Òṣùwọ̀n ní 91.4, ìyẹn ni pé mo tiẹ̀ fi díẹ̀ kún un. Ohun tó ṣẹ́kù sí mi lára ni àmì pupa roboto mẹ́rin níbi tí ojú bẹ́líìtì náà máa ń lẹ̀ mọ́. Ó yún mi fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó ṣá.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wádìí, èyí tó yẹ kí n ti ṣe ṣáájú. Ní ọdún 2002, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òwò àti ìpolówó, fẹ̀sùn kan àwọn tó ń ta irú bẹ́líìtì yìí mẹ́ta, ìyẹn AbTronic, AB Energizer àti Fast Abs, nítorí wọ́n ń sọ fún aráyé pé ó ń dín ara kù, pé ó tó fi rọ́pò eré ìdárayá. FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn lọ́dọ̀ wọn, sì là á mọ́lẹ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè mú iṣan le fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n pé kò sí ìkankan tí àwọn fọwọ́ sí fún dídín ìwọ̀n ara tàbí ìbú ikùn kù. Láti ìgbà yẹn sí ìgbà tí mo ra tèmi, ó lé ní ogún ọdún, ìlérí kan náà ni mo sì kà lára páálí. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Owó ń dùn èèyàn, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ló dùn mí jù. Mo ti fọkàn sí i pé mo ń tọ́jú orúnkún mi, orí ìjókòó kan náà ni mo wà.

Wọ́n fi bẹ́líìtì òógùn, èyí tó ń mú kí ikùn làágùn, ṣe èènì sí i nínú páálí. N ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Mo dè é mọ́ ikùn fún wákàtí kan nígbà tí mo ń ṣẹ́ etí aṣọ. Kí n tó dè é, mo wọn kílò 91.3, nígbà tí mo tú u, 90.6. Ìlẹ̀kẹ̀ òógùn ń já bọ́ lára mi, àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi tutù rinrin. Mo mu omi, mo jẹun, mo sùn. Ní òwúrọ̀, 91.3. Líta omi kan, kílò kan ni. Omi ló jáde, omi náà ló wọlé padà. Ẹni tó bá tún fẹ́ kí ó máa jáde bẹ́ẹ̀ láìmu omi, ewu ló ń fà sọ́rùn.

Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ti so irú nǹkan yìí mọ́ra mọ ibi tí ọ̀rá ń gbà jáde gan-an, torí ẹnu yà mí nígbà tí mo kà á. Ní 2014, àwọn olùwádìí méjì ní Ọsirélíà ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní BMJ. Bí ara bá jo ọ̀rá kílò 10 tán, kílò 8.4 nínú rẹ̀ ń bá èémí jáde bí afẹ́fẹ́ carbon dioxide, 1.6 tó kù á di omi. Imú àti ẹnu ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rá ń gbà kúrò lára wa! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mí léèrè lórí ẹ̀rọ yòówù tí mo bá gùn pé, ṣé mo ń mí kíákíá ju bí mo ṣe ń mí lórí ìjókòó lọ? Lórí bẹ́líìtì, rárá. Mo tiẹ̀ lè máa kọrin bó ṣe wà lára mi.

Pátákó tó ń gbọ̀n ló tẹ̀ lé e. Àbúrò mi obìnrin ló gbé e wá, ó ní òun ò lò ó mọ́. Kí n sọ tòótọ́, mo gbádùn rẹ̀. Bí èèyàn bá gun orí rẹ̀ tó sì tẹ bọ́tìnì, àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ó máa gun ojúgun, á dé itan, imú náà á sì máa yún èèyàn láìnídìí. Bí mo bá na orúnkún gbọọrọ, ìgbọ̀nrìrì náà á gbà tààrà dé orí mi, eyín mi á máa kanra wọn. Bí mo bá tẹ orúnkún díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dúró sí itan. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹsẹ̀ mi á móoru, á fúyẹ́ bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ ọ tán. Ẹni tó bá ti jókòó látàárọ̀ máa mọ rírì ìyẹn.

Àmọ́ ẹsẹ̀ tó móoru kì í ṣe ọ̀rá tó ń jó. Mo fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ mi, mo ka bí ọkàn mi ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Kí n tó gun pátákó, 78. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí rẹ̀, 84. Mo wá sinmi, mo gun àtẹ̀gùn ilé wa lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yẹn, mo dúró lókè mo kà á: 118. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn náà fún ìgbà díẹ̀, mo ń ro ó. Gbogbo ìlù àti ìró tí ẹ̀rọ ń ṣe, ọkàn mi ò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Àtẹ̀gùn tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ táláyé ti dáyé, tí mo ń sá fún, òun ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara àti èyí tí ara ń ná. Ọ̀rá kílò kan nínú ara tó nǹkan bíi kálórì 7,700. Ẹni tó kàn jókòó jẹ́ẹ́ ń ná bíi kálórì kan fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Fún èmi tí mo wọn 91, bíi 90 nìyẹn. Ẹni tó bá ń rìn kánmọ́kánmọ́ ń ná ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká wá ní pátákó yẹn ń fi kálórì 30 kún ohun tí mo ń ná lójúmọ́, tí n ò sì fi òkèlè kan kún oúnjẹ mi. Ọjọ́ 257 ni màá fi gùn ún kí kílò kan ṣoṣo tó kúrò. Lẹ́yìn oṣù méjì, òṣùwọ̀n mi ń ṣe 90.9, 91.3, 91.0, bó ṣe ń lọ ló ń bọ̀. Ikùn ò kúrò ní 104.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fún pátákó náà. Àwọn olùwádìí ti rí i pé ó lè fi agbára díẹ̀ kún ẹsẹ̀ àwọn àgbàlagbà àtàwọn tí kì í lò ara wọn, ní pàtàkì bí wọ́n bá ń tẹ orúnkún lórí rẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ náà: mo di ẹ̀yìn àga mú, mo ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, mo ń dìde, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Itan mi ta mí lọ́jọ́ kejì, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Ọkàn mi lu 110. Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣe iye kan náà lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, láìtan ẹ̀rọ kankan. Ọkàn mi tún lu 110.

Ẹ má rò pé ayé ìsinsìnyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ tó máa ṣe é fún un. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà kan ní Súwídìn, Gustav Zander, ti ṣe oríṣiríṣi ẹ̀rọ tó ń fi apá àti ẹsẹ̀ èèyàn ṣeré, tó sì ń pò ikùn. Nínú ọkọ̀ òkun Titanic tó rì ní 1912, ẹṣin oníná àti ràkúnmí oníná wà ní yàrá ìdárayá wọn, tí àwọn èrò ń jókòó lé kó máa mì wọ́n. Ìgbà tó tún yá, bẹ́líìtì fífẹ̀ tó ń gbọn ìbàdí ló gbòde láàárín àwọn obìnrin. Ẹ̀rọ ń pààrọ̀ aṣọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ò yí padà.

Ẹ̀kẹta, pẹ́dà oníná, ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù, torí òun nìkan ló ṣì wà nílé wa tí à ń lò.

Ó dà bí ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gé lórí. Èèyàn á jókòó sórí àga, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e, á tẹ bọ́tìnì, ẹ́ńjìnnì á sì máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ń lo máṣíìnì, n ò lè lò ó torí ẹsẹ̀ mi wà lórí ìtẹ̀ máṣíìnì. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú iṣẹ́ wa: bọ́tìnì ń bẹ láti gán, etí aṣọ ń bẹ láti ṣẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ ń bẹ láti tò. Wákàtí méjì lójúmọ́ ni mo fi ń ṣe wọ́n, ẹsẹ̀ mi á sì máa yí nísàlẹ̀. Ojú kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà tó ń ka kálórì. Alẹ́ ọjọ́ kìíní ó sọ pé mo ti jo 340. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí, mo fi ìlà sí i nídìí.

Ọjọ́ kan báyìí, oníbàárà kan dé, mo dìde lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, mo gbàgbé láti pa ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ gùn láàárín wa. Ìgbà tí mo fi padà dé, pẹ́dà náà ṣì ń yí lófìfo, kò sí ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń ka kálórì lọ. Mo rò pé bóyá n kò rí i dáadáa. Mo pa á, mo tún un tàn, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo káwọ́ gbera, mo ń wò ó. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó ní kálórì 60. Ta ló ná an? Yíyí tí pẹ́dà ń yí ló ń kà, kò mọ̀ bóyá èèyàn wà lórí ẹ̀, kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ń tì í tàbí ó ń ti ẹsẹ̀. Mo ṣí ìwé mi, mo fi bíírò fa gbogbo 340 àti 310 àti 355 tí mo ti ń kọ látọjọ́ yìí kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó gba nọ́ńbà ojú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí ẹ̀, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ́ńjìnnì ló ń yí ẹsẹ̀ mi. Agbára tí yíyí náà ń gbà, iná mànàmáná ló ń san án, kì í ṣe ọ̀rá ara mi. Oṣù kan ni mo fi lò ó bẹ́ẹ̀, mo ṣì wọn 91.1. Mo fẹ́ gbé e sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn tó kù, àmọ́ màmá mi ni kò jẹ́ kí n gbé e.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu màmá mi ní bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò lágbára mọ́, orúnkún rẹ̀ á sì le gan-an bí wọ́n bá jí láàárọ̀. Wọ́n rí pẹ́dà náà lọ́dọ̀ mi, wọ́n ní, "Ìwọ, ṣé kò ní lè bá mi na ẹsẹ̀ yìí?" Mo bi oníṣẹ́ físíò tó ń tọ́jú wọn. Ọmọbìnrin náà gbé e wò, ó tẹ ẹ́ síbi tó rọra ń yí jù, ó gbé ẹsẹ̀ màmá lé e, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi ọwọ́ lé itan ọ̀tún náà. Ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kó máa gbé yín kiri o. Ó ń yí i, ẹ̀yin náà ẹ máa tì í. Bí ẹ ò tiẹ̀ rí i pé ó lọ, ẹ máa tì í." Ó ní ẹ̀rọ náà á jẹ́ kí oríkèé máa lọ kó máa bọ̀ kó má baà gan, ṣùgbọ́n pé títì tí àwọn fúnra wọn bá ń tì ni iṣan á fi rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni irú ẹ̀rọ yìí ti ní ìtumọ̀. Robert Salter, dókítà egungun ní Kánádà, jà fún un pé oríkèé tó ń sàn ń fẹ́ kí wọ́n rọra máa mú un lọ mú un bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń tẹ orúnkún tó sì ń nà án fún ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ ti jáde wá. Àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa tún wà tí wọ́n ń fi iná ta iṣan ẹsẹ̀ wọn jí kí wọ́n lè yí pẹ́dà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ gidi ni ẹ̀rọ fún un. Bí wọ́n bá tà á fún màmá mi pé kí ẹsẹ̀ wọn má baà gan, òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí wọ́n bá tà á fún mi pé màá fọ́n, wọ́n tàn mí.

Bí mo ṣe ń gbọ́ tí físíò ń sọ pé "ẹ máa tì í", mo bá ara mi sọ̀rọ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wo abẹ́ ẹ̀rọ náà, mo rí bọ́tìnì tí n kò tẹ̀ rí: bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, pẹ́dà náà ṣì ń yí, àmọ́ ẹsẹ̀ èèyàn ló gbọ́dọ̀ yí i, kọ́kọ́rọ́ kan sì wà tí a fi ń mú un le sí i. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi wà á. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, òógùn bọ́ níwájú orí mi, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọkàn mi lu 112. N kò lè kọrin. Bọ́tìnì tí mo fẹ́ gán bọ́ lọ́wọ́ mi, mo jẹ́ kó wà nílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo fi ń wà á, láìtan iná. Mo fi rírìn kún un, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá láàárín iṣẹ́, torí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ló yẹ kí àgbàlagbà fi ṣe ohun tó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ níwọ̀nba, kó sì lo iṣan rẹ̀ dáadáa ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Mo dín oúnjẹ alẹ́ kù pẹ̀lú, èyí tó ṣeé ṣe kó kó ipa tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, n ò sì ní fi pamọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀, òṣùwọ̀n ní 85.4. Tépù ní 97. Síkẹ́ẹ̀tì tí mo rán fún ara mi ní oṣù tí mo ra bẹ́líìtì, mo ti gbà á wọlé lápá méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò bá tiẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lórí ìwọ̀n ara, ẹ gbọ́ eléyìí. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn rẹ̀ lù, ẹni tó lóyún, ẹni tó ní wárápá, kò gbọdọ̀ so bẹ́líìtì oníná mọ́ra, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbé e sí àyà tàbí ọrùn. Pátákó tó ń gbọ̀n kò yẹ fún aboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, àfi bí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Àwọn kan tún ń wọ odindi aṣọ oníná láti ọrùn dé itan. Àwọn dókítà ti ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n lò ó lálòjù, tí iṣan wọn bàjẹ́ débi tí kíndìnrín fi wọ ewu. Ohun tó bá lágbára tó láti sún iṣan kì, ó lágbára tó láti pa á lára.

Bẹ́líìtì oníná: ẹ má rà á fún ikùn. Bẹ́líìtì òógùn: ẹ má rà á rárá. Pátákó: bí ẹ bá ti ní in, ó dùn lẹ́sẹ̀, ẹ máa tẹ orúnkún lórí rẹ̀, bí ẹ ò bá ní in, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wà. Pẹ́dà: bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó ṣeé wà láìtan ẹ́ńjìnnì, bóyá ó sì ṣeé mú le. Bí ó bá ní rárá, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Yàrá màmá mi ni tiwa wà báyìí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Èmi ni mo ń lọ bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí mo fẹ́ ṣẹ́ etí rẹ̀, bí wọ́n bá ti ṣe tiwọn tán, màá gbà á. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n pa iná ẹ̀rọ náà. Mo pa á. Wọ́n di apá àga mú, wọ́n wo ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn, wọ́n tì í. Ó dúró díẹ̀, ó lọ. Wọ́n tún tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fi wà á, èmi ni mo ń ka aago.